Ìyá Mi Pè Mí Lórí Rédíò, N Kò Dáhùn

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sínú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kékeré kan ní Kàbà, mo ń gbọ́ ewì ìyá mi lórí rédíò, inú mi sì ń dùn débi pé n kò lè gbé ẹsẹ̀ sójú kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdùnnú náà dáadáa. Ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀, ebi náà sì wà níbẹ̀, torí n kò tíì jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi dán mi wò, ọ̀sẹ̀ kẹta mi nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa gba ewì àwọn ará ìlú sílẹ̀, kí n sì gé e. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń gé e: ikọ́, èémí, ariwo àkùkọ, gbogbo ohun tí kì í ṣe ewì là ń yọ dànù. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Olú, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, ló kọ́ mi. Ó máa ń sọ pé, "Má fi ohun tí kò wúlò dá olùgbọ́ lágara." Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹsẹ Bíbélì.

Ẹni tó yẹ kó ké ewì fún wa lọ́sẹ̀ yẹn kò wá, ni mo bá sáré lọ bá ìyá mi ní oko kajú rẹ̀ ní Ìyámoyè. Ìyá mi kì í ṣe akéwì. Ṣùgbọ́n láti kékeré mi, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, yóò pe oríkì mi, Àbẹ̀ní, yóò dúró, èmi yóò dáhùn pé, "Ìyá, èmi rè é," kó tó máa ké ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lára mi lọ́dún náà. Bí n kò bá dáhùn, kò ní tẹ̀síwájú. Mo ní kó kó gbogbo ọdún náà pọ̀ fún mi. Ó jókòó lábẹ́ igi kajú, ó ń ké e, èmi ń dáhùn bó ṣe ń pè mí, ẹ̀rọ ń gbà á sílẹ̀.

Ó ké Àbẹ̀ní ọmọ ọwọ́ tó pọ̀n sẹ́yìn, tó ń fa etí ìyá rẹ̀ bí okùn ewúrẹ́. Ó ké Àbẹ̀ní tó ní kí ìyá òun má sin òun dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé mọ́. Ó ké Àbẹ̀ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá wá ń bá pákó ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀.

Mo dé ọ́fíìsì, mo gé e. Mo yọ ariwo ẹyẹ, mo yọ ikọ́. Nígbà tí mo wá gbọ́ ohùn èmi fúnra mi tó ń dáhùn bí ọmọ jéléósinmi, ojú tì mí. Mo yọ òun náà, mo sì pa gbogbo àyè ìdúró dé. Ewì náà wá ń dán.

Bó ṣe parí lórí rédíò báyìí, fóònù mi dún.

"Okun o, Ìyá," mo kí i bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Gbogbo Ìyámoyè ló gbọ́ ọ. Ìgbà mọ́kànlá ni mo pè ọ́ létí wọn, o kò dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan."

"Ìyá, iṣẹ́ ló fà á."

"Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa, ti gbé iṣu wá láti fi tù mí nínú. Ó ní ṣé a ń jà ni."

"Ẹ sọ fún wọn pé a ò jà."

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Rédíò ló sọ ọ́."

Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi. Lọ́dún tí mo ti ilẹ̀kùn yẹn, ó ń pè mí láràárọ̀, mo ń gbọ́, mo sì ń dákẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni mo tún gbé sórí rédíò fún un.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá. Ó gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìdajì ewì lo jù nù yẹn. Pe ìyá wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí wọ́n ké e ní tààrà lórí afẹ́fẹ́, láìgé e. Bó bá tún bàjẹ́, a óò sọ̀rọ̀ lórí oṣù mẹ́ta rẹ."

Ìyá mi dé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó kí máíìkì pé okun o. Bó ṣe pe Àbẹ̀ní àkọ́kọ́, orúnkún mi kàn kanlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo dáhùn, ẹsẹ̀ tábìlì ló gbọ́. N kò lè dìde, torí ta ló ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn lórí ìnàró? Ọ̀gá, pẹ̀lú gbogbo ewú orí rẹ̀, dọ̀bálẹ̀, ó wọ́ lọ sábẹ́ tábìlì, ó sì di máíìkì kejì mú sí mi lẹ́nu títí ewì fi parí. Nígbà tó kan ọdún tí mo ti ilẹ̀kùn, n kò jẹ́ kó pè mí tán tí mo fi dáhùn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín lórí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ló ké èyí tí n kò gbọ́ rí: Àbẹ̀ní tó ń gbé ohùn ìyá rẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ ìyá kò dé.

"O ti dàgbà," ó sọ ọ́ sétí gbogbo ayé. "Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìwọ ni kó o pè mí. Èmi ni n ó dáhùn."

Àwọn ènìyàn pè wá láti Mopa àti Makutu. Ọ̀gá gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní kí n lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi. Mo jó yí mọ́tò ọ́fíìsì ká lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù báyìí, n kò sì tíì kọ ìlà kan nínú ewì tí n ó fi pè é. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ẹni tí ìyá mi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Nínú ilé wa, ọmọ kì í pe oríkì ìyá rẹ̀, àmọ́ òun ló ní kí n pe òun. Ṣé kí n lọ bi í léèrè, àbí kí n fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti pe ìyá yín rí, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo lẹ kọ́kọ́ pè é?