Orúkọ Bàbá Onífìlà Nínú Ìwé Ìdìbò

Títí di òní, bí àwọn ará Ọjà'ba bá ń sọ̀rọ̀ Bàbá Onífìlà, ọjọ́ ìbò káńsù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹnu ọ̀nà agboolé bàbá náà gan-an ni wọ́n gbé àpótí ìbò sí. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, ó ti gbé ìjókòó rẹ̀ síwájú ìlà. Sọ̀fíyàt, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń yẹ ìwé orúkọ olùdìbò wò lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, káàdì ìdìbò yín dà?"

"Ta ni wọ́n ń bi ní káàdì lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá ẹ̀?"

"Òfin ni, Bàbá."

"Òfin bá mi nílé yìí ni."

Samuel, ọ̀gá Sọ̀fíyàt nídìí ìbò, tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi, fẹ́ kí ìlà máa lọ. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ bàbá nínú ìwé, kí wọ́n tó lọ mú káàdì wá. Kí lorúkọ wọn?"

Sọ̀fíyàt ò mọ orúkọ náà. Bàbá Onífìlà ló gbọ́njú bá. Àwọn ìyàwó ń pè é ní Baálé, àwọn ọmọ ń pè é ní Bàbá. Ọmọ wo ló máa la orúkọ àgbà mọ́ ọn lórí?

"Bàbá," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "kí lorúkọ yín?"

Bàbá yíjú sí i. "Sọ̀fíyàt, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọ, èmi ni mo sọ orúkọ ẹ fún ààfáà. O wá jókòó ti tábìlì, o ń bi mí ní tèmi?" Ó gbé ìjókòó rẹ̀, ó wọlé lọ. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá mọ bàbá aránfìlà yìí kò ní í yà á lẹ́nu. Òun ló wọn orí ẹnìkan tó wá tọrọ ìbò káńsẹ́lọ̀, tó ní, "Fìlà tó bá ọ mu wà, àmọ́ fìlà káńsẹ́lọ̀ ṣì máa bò ọ́ lójú." Òun náà ló máa ń dán àwọn tó wà lórí ìlà wò kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ibi tí gọ́tà àdúgbò ń gbà kọjá kò yẹ lẹ́ni tó ń dìbò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ onílé fìdí rẹmi. Ó wá kan Louisa onídìrí, ayálégbé tí wọ́n ń pè ní àlejò láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Bàbá, ẹ̀yìn ilé yín ló gbà, ó wá já sẹ́nu ọ̀nà mi," ni Louisa wí. "Èmi ni mò ń gbá a."

Bàbá dìde, ó fi Louisa síwájú gbogbo àwọn ọmọ onílé. Ó ní òun ò tún fẹ́ gbọ́ àlejò mọ́.

Ṣùgbọ́n Sọ̀fíyàt kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá tó bí i kú, abẹ́rẹ́ fìlà ni bàbá yìí fi rán an níwèé títí ó fi di olùkọ́. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀, títí kan ti àwọn tí kò ní í wọlé, kò sì mọ ti ẹni tó tọ́ ọ. Ojú tì í dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, tí ìbò máa parí, ìlà ti tán. Ó ń ṣí ìwé ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń wo fọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Bó ṣe rí bàbá nìyẹn, tòun ti fìlà lórí. Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo ti rí yín nínú ìwé. Ẹ mú káàdì, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kí lorúkọ náà?"

Ó wolẹ̀. "Ishaq. Ishaq Ọláòníyè."

Bàbá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Tún un pè."

"Bàbá, wọ́n máa ti ìbò!"

"Jẹ́ kí wọ́n tì í. Tún un pè."

Ó tún un pè, ó ń sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá ní kó pè é. Nígbà tí wọ́n jáde, Samuel ti ń ka ìbò.

Bàbá Onífìlà kú kí ìbò káńsù mìíràn tó dé. Sọ̀fíyàt tún ni wọ́n fi sídìí ìwé lọ́jọ́ náà, orúkọ bàbá sì ṣì wà níbẹ̀. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. "Àǹtí, ìbò bàbá yẹn ò yẹ kó ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká bá wọn tẹ̀ ẹ́."

Sọ̀fíyàt dìde. Gbogbo agboolé ló gbọ́ ọ.

"Ishaq Ọláòníyè ti kú," ó ní. "Nígbà tí wọ́n wà láyé tí wọ́n fẹ́ dìbò, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n dì í. Ẹnikẹ́ni ò ní í bá wọn dì í lónìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Louisa, tó wà níwájú ìlà, ṣí fìlà orí ọmọ tó gbé dání láti fi bu ọlá fún olóògbé, ó sì na káàdì tirẹ̀ sí Sọ̀fíyàt.