Ohun Tí Ìyá Àgbà Ń Pè ní Mímọ́

Gbodo ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wa lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Èmi àti ìyá tó bí bàbá mi là ń yí iṣu gbígbẹ náà kí oòrùn lè ràn sí ìhà kejì. Òórùn rẹ̀ kan díẹ̀, bíi ti omi ògì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-kéú dé, níbi tí ááfà ti kọ́ wa pé Ọba Mímọ́ ni Ọlọ́run.

"Ìyá àgbà, kí ló ń jẹ́ mímọ́?"

"Ohun tí èèyàn bá fọ̀, tí ìdọ̀tí rẹ̀ lọ."

"Ta ló wá fọ Ọlọ́run?"

Ẹ̀rín pa wọ́n títí gbodo fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ṣé o fẹ́ kí ááfà yín wá bá mi jà ni? Ọlọ́run ò dọ̀tí rí. Àwa là ń dọ̀tí. Àwa la nílò ẹni tó máa wẹ̀ wá mọ́."

Ìyá àgbà ni gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí máa ń pè láti wẹ òkú obìnrin. A ò tíì yí gbodo tán tí ọkùnrin kan fi wọlé. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Egbò ló ti ń bá a jà láti ìgbà pípẹ́. Ọkùnrin náà kò jókòó.

"Ìyá, ẹ dákun, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kàn da omi sí i lára láti òkèèrè. Egbò yẹn ń rùn."

"Ṣé ẹ̀fọ́ ni o ní kí n wá bomi rin ni?"

"Ìyá, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

"Ìyá tó bí i ń bọ̀ láti Ìpàpó. Kí ni kí n wí fún un? Tí ọwọ́ ò bá kàn án, a ò wẹ̀ ẹ́ nìyẹn. A kàn dà á nù ni."

Mo tẹ̀lé ìyá àgbà dé ilé olóògbé náà, mo dúró sí ìta. Ohun tí mo gbọ́ nìkan ni mo lè sọ: omi tó ń ṣàn láti inú bútà, àti ohùn ìyá àgbà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ yí ọ sí ọ̀tún." Lẹ́yìn náà ni òórùn káńfọ̀ tí wọ́n ń fi sínú omi ìwẹ̀ òkú jáde sí àwa tó wà níta.

Bí ìyá àgbà ṣe ń jáde ni ìyá olóògbé dé, ó di ìborùn wọn mú. "Ẹ má fi pamọ́ fún mi. Báwo ni ara ọmọ mi ṣe rí?"

"Ó mọ́."

Àwọn obìnrin àdúgbò náà béèrè títí, pẹ̀lú ẹ̀tàn, pẹ̀lú àwàdà. Ẹni tó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí. Èsì kan náà ni wọ́n gbọ́.

Ní yunifásítì, mo gbọ́ pé aṣọ àti ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lo "mọ́" fún, kó tó di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run. Ó ṣeé ṣe. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú kò ju pé mo mọ ọwọ́ kan tó ń wẹ èèyàn mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà kú lẹ́yìn tí wọ́n ti pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ní èmi, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ni màá wẹ̀ wọ́n. Àwọn àǹtí mi ní n kò wẹ òkú rí. Mo ní mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fọwọ́ kan omi ìwẹ̀ náà bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo wọlé tọ̀ wọ́n. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Mo fẹ́ yí yín sí ọ̀tún."

Nígbà tí mo jáde, bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, fìlà wọn wà lọ́wọ́.

"Báwo ni ara ìyá mi ṣe rí?"

"Wọ́n mọ́, bàbá mi."

Títí dòní, n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sì ní kọ ọ́ síbí.