Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Lọ́jọ́ Fríìdọ̀mù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Muṣin, mo rí Màámi tí wọ́n kúnlẹ̀ kí àbúrò bàbá mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá péré: "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ọkùnrin ni Àǹtí ni?"

Màámi ní, "Obìnrin ni, ọkọ mi sì ni. Wọ́n bí i sílé yìí kí wọ́n tó gbé mi wọlé."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Mo wá ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin sínú rẹ̀. Ojú-ìwé kìíní wà fún ara tí a bí mọ́ ni: ọkùnrin, obìnrin. Èkejì wà fún ìṣe, ìmúra àti ipò: ọkọ ilé, akọ obìnrin, ọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin. Mo rò pé ó ti parí.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà níwájú ilé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ọmọ-iṣẹ́ kan tí wọ́n bí ní obìnrin, tó ń gẹ irun mọ́lẹ̀, tó ń wọ ṣòkòtò, tó ń fi etí lásán mọ púlọ́ọ̀gì tó kú nínú mẹ́rin.

Àwọn onímọ́tò á ní, "Akọ obìnrin, ta ló máa fẹ́ ẹ?"

Á ní, "Mọ́tò yín tó ń wúkọ́ yìí ò bi mí bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ fríìdọ̀mù rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, wá kò. Ẹ̀yin ọmọ, ọmọ-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kí ọ̀gá kí ọ̀gá tó ṣàdúrà fún un. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Bí ọ̀gá bá bínú tí kò ṣàdúrà, ọdún mẹ́rin tó fi kọ́ṣẹ́ ti wọmi nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kúnlẹ̀."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti ṣòkòtò funfun tuntun! Ọ̀gá wò ó títí.

Ó ní, "Iṣẹ́ ni mo kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. Dìde, mẹkáníìkì." Ó ṣàdúrà fún un, ó wá yíjú sí ìyá: "Màmá, ẹ ṣe àmín o!"

Mo sáré tẹ̀ lé mẹkáníìkì tuntun náà dé ìdí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ìwé mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ojú-ìwé wo ni kí n kọ yín sí?"

Ó ní kí n kà á. Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí wọ́n ń rí lára mi nìyẹn. Ohun tí mo mọ ara mi sí ò sí níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ni kó o máa pè mí."

Bí mo ṣe ṣí ojú-ìwé kẹta nìyẹn.

Láyé ìgbà náà, ojú ẹni ni wọ́n ti ń búni. Lónìí, orí fóònù ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti pọ̀ sí i. Ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé ní Àgùdà ń kó tuntun wá fún mi, bíi ti ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí ohun mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kéde nígbà ìbí rẹ̀. Mo máa ń bi í, "Ṣé ti aṣọ ni, àbí ti inú?" Nígbà míì, òun gan-an á ṣì í, màá sì tún un ṣe!

Títí di àná, ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú ìwé náà. Mọ́kànlá wà ní ojú-ìwé kẹta, Bọ̀ọ̀dá ló ṣáájú, kò sì sí ọ̀kan tí mo kọ kí ẹni tó ni ín tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.