Àkàrà Sàárà Tí Mo Gbé Lọ sí Àbújá

Ladáànì kò tíì pèrun nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn mi pa. Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tí mo fẹ́ dágbére fún. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún tó kọjá. Mùínátù, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń gbé ní Àbújá. Àwọn ayálégbé tó kù nínú ilé ń sùn, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń hanrun. Mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo gbé ike onídérí kan mọ́ àyà, mo sì bọ́ sí títì.

Ọlọ́kadà tó gbé mi dé gáréèjì kò gbẹ́nu dákẹ́. "Bàbá, kí lẹ gbé lọ́wọ́ tó ń ta sánsán báyìí?"

"Àkàrà ni."

"Ẹ fún mi ní ẹyọ kan."

"Ti àwọn ará Àbújá ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé gáréèjì. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Kì í ṣe àwàdà. Iṣẹ́ Mùínátù ni kó máa fi ọkọ̀ sáré ìdíje. Pápá kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti ń sá a tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní àárín ìgboro Àbújá gan-an ni. Wọ́n máa dí títì pa, ọkọ̀ á máa sáré yípo láàárín báńkì àti ilé ìjọba. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Èmi tí mo wa Píjò láti Ẹdẹ sí Ìbàdàn fún ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ yìí kò yé mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dírẹ́bà máa ń gbé èrò láti ibì kan dé ibòmíràn. Ti Mùínátù, ibi tó ti gbéra náà ló ń padà sí, kò sì gbé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo kọ́ ọ ní ọkọ̀ lójú ọ̀nà oko wa ní Alajue, nítorí náà mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Òun fúnra ẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá o. Tí mo bá ti mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, ojú yín ni màá máa wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ dúró sílé, ẹ bá mi ṣàdúà."

Mo ní ó dáa. Mo ṣàdúà, ọkàn mi kò balẹ̀. Nígbà ayé ìyá ẹ̀, tí mo bá ń lọ sí ọ̀nà tó jìn, yóò dín àkàrà sàárà, yóò pín in fún àwọn èèyàn, wọ́n á gbà á, wọ́n á ní kí n lọ re kí n bọ̀ re. Wọ́n sọ fún mi ni o. Mi ò fojú ara mi rí i rí, torí ìgbà tí wọ́n bá ń pín in, èmi ti wà lójú ọ̀nà. Ìyá Gàníyù tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wá là á yé mi.

"Ibi tí ọkọ̀ bá ti gbéra ni wọ́n ti ń pín in," ó ní. "Ó gbọ́dọ̀ tán pátá. Ẹni tó sì ṣe é kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ìyá Mùínátù kì í tọ́ ọ wò rárá, kódà tó bá ń dín in lọ́wọ́."

Mo rò ó títí. Ọkọ̀ Mùínátù kò ní gbéra láti Ẹdẹ. Àbújá ló ti máa gbéra, Àbújá náà ló máa dé. Tí mo bá pín àkàrà ní àdúgbò wa, ọ̀nà ta ni mo pín in fún? Ni mo bá rẹ ẹ̀wà, mo bó o, mo lọ̀ ọ́, mo dín in fúnra mi, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó má baà bàjẹ́ lọ́nà. Èrò mi ni pé màá lọ, màá pín in, màá sì ti padà sílé kó tó di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n máa sáré. Mùínátù kò tiẹ̀ ní mọ̀.

Ní Òṣogbo, níbi tí mo ti wọ ọkọ̀ Àbújá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kẹ́hìndé. Ọ̀nà Iléṣà ti já jálajàla, àfi kéèyàn máa yà sọ́tùn-ún yà sósì. Lẹ́yìn Àkúrẹ́ ni ọ̀nà dán díẹ̀, Kẹ́hìndé náà sì tẹ iná mọ́ ọn. Kò pẹ́ tó fi wo ẹsẹ̀ mi.

"Bàbá, ẹ rọra o. Ẹ̀ ń tẹ búréèkì."

Lóòótọ́ ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti nà pọnrán mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Mo ní, "Ìwọ ló yẹ kó o máa tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yin náà ti wa ọkọ̀ rí nìyẹn."

"Mo wà á títí ó fi sú mi."

Nígbà tí a kọjá Òkènè, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ nítorí àwọn ajínigbé. Ìyá kan lẹ́yìn ń ka tẹ̀sùbáà. Èmi ò tiẹ̀ rántí bẹ̀rù fún ara mi, igun títì Àbújá tí mi ò tíì rí ni mò ń rò.

A jẹun ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bénúè ti pàdé. Túwó ni mo rà. Ìrẹsì ni wọ́n sè tí wọ́n wá rò ó pọ̀ bí ọkà, wọ́n fi ẹja odò tútù sí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àtààbọ̀ náírà ni, iye tí èèyàn méjì á fi yó ní Ẹdẹ, ṣùgbọ́n ẹja náà tóbi, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ọkùnrin kan jókòó kojú mi. Mo ní, "Ẹ wá jẹun," bí a ti ń ṣe nílé. Ó wò mí, ó gbé àwo tiẹ̀ lọ sí orí tábìlì mìíràn.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Àbújá. Títì ibẹ̀ fẹ̀ gan-an, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn kò wọ́pọ̀. O lè rìn jìnnà kó o máà rí ẹni tí wàá kí. Mo gba yàrá kan nítòsí gáréèjì, mo gbé ike mi sórí àga, mo dùbúlẹ̀. Ìlú kan náà ni èmi àti ọmọ mi wà, mi ò sì lè pè é. Láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú, mo rò pé mo ti mọ bí ó ti ń rí láti dá wà. Irọ́ ni. Ti ilẹ̀ òkèèrè tún le ju ti ilé lọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo dé ibi tí wọ́n ti máa sáré. Wọ́n ti to bíríkì kọnkéré gbọ̀ngbọ̀nràn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì, wọ́n na irin oníhò sórí ẹ̀, wọ́n kun etí títì ní pupa àti funfun. Wọ́n di táyà àlòkù pọ̀ jọ sí ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kan ìjókòó òǹwòran, ariwo òòlù gba gbogbo ibẹ̀. Mo dúró níwájú igun kan tó ká bí ìgbọ̀nwọ́. Ilé gíga kan wà níwájú ẹ̀ gan-an, kò sí igbó, kò sí ibi téèyàn lè yà sí tí ọkọ̀ bá kọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tún nà, lórí ilẹ̀ lásán.

Mo ṣí ike mi. Ọmọbìnrin kan tó múra iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń kọjá. Mo ní sàárà ni. Ó gbá àpò ẹ̀ mọ́ra, ó yára. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dúró, inú mi dùn. Ọ̀kan ní, "Baba, chop one make we see." Ó fẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ ọ̀kan lójú wọn. Mo ní mi ò lè jẹ ẹ́, èèwọ̀ ni fún ẹni tó ṣe é. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì lọ. Mo rò pé ọmọ Yorùbá á gbọ́ mi yé, mo rí ọ̀kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo kí i. Òun ló tiẹ̀ wá burú jù.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò kì í gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀. Ayé ti bàjẹ́."

"Sàárà lásán ni, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin ẹ jẹ ẹ́ nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣòro: tí mo bá ju ẹyọ kan sẹ́nu, wọ́n á gbà á. Tí mo bá sì jù ú sẹ́nu, mo ti ba sàárà Mùínátù jẹ́. Mo rìn yí ibẹ̀ ká títí oòrùn fi mú. Ní Ẹdẹ, kó o tó ṣí ìdérí sàárà lọwọ́ á ti kún inú ẹ̀. Níbí, àgbà bíi tèmi ń na àkàrà sí èèyàn bí ẹni tó ń tọrọ owó. Ojú tì mí, inú mi bàjẹ́ gidi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mẹ́gáàdì kan jókòó lórí kọnkéré lẹ́nu géètì tí àwọn ọkọ̀ ìdíje ń gbà wọlé. Hausa ni, irùngbọ̀n ẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Ó ti ń wò mí tipẹ́. Ó pè mí, ó wo inú ike, ó ní, "Sadaka?" Bí wọ́n ṣe ń pe sàárà nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní kí n kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó sọ "bísímílà," ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó nawọ́ mú omi ẹ̀, ó mu púpọ̀. Mo rò pé gbígbẹ tó gbẹ ló fà á.

Ó bi mí pé nítorí ta ni. Mo tọ́ka sí inú géètì, mo ní ọmọ mi, Mùínátù, ó ń wa ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Allah ya tsare hanya." Kí Ọlọ́run bá a ṣọ́ ọ̀nà. Mo ṣe àmín. Ó wá kígbe pe àwọn tó ń kan ìjókòó. Wọ́n wá, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, wọ́n gbà á. Ẹni tó bá gbà á, mẹ́gáàdì á sọ orúkọ Mùínátù fún un, onítọ̀hún á ṣe àmín, á sì wá omi lọ. Ẹnì kan pọ́n mẹ́ta tó kù sínú bébà, ó gbé e wọlé fún àwọn tó wà nídìí ọkọ̀ ìdíje. Ó tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo wọkọ̀ padà. A ti ń sún mọ́ Lọ́kọ́ja nígbà tí fóònù mi dún. Mùínátù ni.

"Bàbá, níbo lẹ wà?"

"Ilé ni mo wà."

Dírẹ́bà fọn fèrè ọkọ̀ kíkankíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

"Ẹ wà nílé," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó dín àkàrà yẹn pé iyọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ti Màmi kì í rí bẹ́ẹ̀."

Omi ti gba ojú mi, mo yíjú sí fèrèsé kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rí mi. Nígbà tó yá, mo ní, "Ṣé o wá jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́ tán." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá dé, màá pè yín."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ẹdẹ. Ilẹ̀kùn mi wà bí mo ṣe tì í, kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo lọ ibì kan, yàtọ̀ sí Ìyá Gàníyù. Èérún díẹ̀ kù nísàlẹ̀ ike. Ó wù mí kí n tọ́ ọ wò, mi ò tọ́ ọ. Mo dà á fún àwọn adìẹ Ìyá Gàníyù, torí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tán pátá. Wọ́n ṣa á jẹ, wọ́n sì sáré lọ sídìí omi.

Tí mo bá dé, màá pè ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà, màá sì wa ọkọ̀ mi lọ. Èmi ni mo rò pé mò ń rin ìrìn àjò. Ní báyìí mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé fóònù lé orúnkún. Láti Ẹdẹ dé Àbújá kò jìn. Láti ọjọ́ Jímọ̀ dé ọjọ́ Àìkú ló jìn.