Kànga tí Kóòtù Ní Ká Má Fọwọ́ Kàn

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wá àṣẹ kóòtù yẹn, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ẹlòmíì. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan ló wà láàárín ilé màmá mi àti ilé bàbá kan ní Igando, kànga sì wà lórí rẹ̀. Ẹbí onílẹ̀ tà á fún bàbá mi olóògbé, wọ́n tún tà á fún bàbá yẹn, wọ́n sì gbàdúrà fún àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé méjèèjì fi jọ ń pọn omi níbẹ̀ láìbi ara wọn pé ta ló ni ín. Àfìgbà tí ọmọ bàbá náà, ọ̀gá ńlá tó ń gbé ní Gowon Estate, já búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Màmá mi ní kí n jẹ́ kí àwọn bá bàbá náà sọ̀rọ̀. Mo ní rárá, ayé ti lajú. Lọ́yà mi gba àṣẹ ìdádúró fún wa, pé kí olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ má ṣe tẹ ilẹ̀ náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Fún ìgbà díẹ̀ ni o. Ìgbà díẹ̀ yẹn ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti ń lọ sílé ìwé.

Inú mi dùn débi pé mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri. Ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ni kò kà á sí. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀dà gbẹ ni mo tó fara balẹ̀ ka ìwé náà. Ta ni olùpẹ̀jọ́? Màmá mi ni, nítorí orúkọ wọn ni mo fi pẹjọ́. Èmi ọlọ́gbọ́n ọmọ ti lé ìyá mi kúrò nídìí kànga wọn. Mo ní kí wọ́n máa ra omi lọ́wọ́ àwọn mẹruwà. Wọ́n ní ó dáa. Ẹni tí tíṣà ará Oǹdó bá bí mọ̀ pé "ó dáa" kì í ṣe "mo gbà".

Kò pẹ́ tí ìwé mìíràn fi dé. Wọ́n ní màmá mi ń tàpá sí àṣẹ kóòtù, pé kí wọ́n wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní lọ sẹ́wọ̀n. Ọmọ bàbá náà ti ya fọ́tò wọn nídìí kànga, ó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ ẹ̀sùn náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́yà fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra pé kì í ṣe màmá mi ló wà nínú fọ́tò. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti na ọmọ ọlọ́mọ tó nítorí irọ́, àwọn kò ní darúgbó tán káwọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, adájọ́ gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Ó bi màmá mi bóyá àwọn rèé. Wọ́n ní àwọn ni. Lọ́yà mi dorí kodò. Adájọ́ tún wo fọ́tò náà pẹ́.

"Màmá, ọwọ́ mẹ́ta ni mo rí lórí okùn yìí. Ta ló ni ìkẹta?"

Ọ̀gá ńlá ti gé ẹnì kan kúrò nínú fọ́tò, ó gbàgbé láti gé ọwọ́ rẹ̀. Màmá mi wo ọ̀dọ̀ bàbá náà, tó tẹjú mọ́ fìlà tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ni mo ni gbogbo rẹ̀, Olúwa mi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó rán màmá mi létí pé wọ́n ti búra. Ni bàbá náà bá dìde, lọ́yà rẹ̀ ń fà á láṣọ.

"Ọwọ́ mi ni. Apá wọn ò lè fa omi mọ́, èmi ni mo ń bá wọn fà á láràárọ̀."

Adájọ́ béèrè ẹni tí ó jẹ́. Akọ̀wé kóòtù ní olùjẹ́jọ́ ni, òun náà ló ní kí wọ́n sọ màmá sẹ́wọ̀n. Adájọ́ ní tí òun bá máa sọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n, mọ́tò kan náà ni yóò gbé àwọn méjèèjì. Ó da ẹ̀sùn náà nù. Àṣẹ ìdádúró ṣì wà, ó sì sún ẹjọ́ síwájú.

Ọmọ bàbá náà ti fi ìbínú wa mọ́tò rẹ̀ lọ, ni màmá mi bá ní ká gbé bàbá. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ láti ibẹ̀ dé Ikotun, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n ń sọ pé okùn kànga ti ń gbó.

Nígbà tí bàbá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Igando, mo bi màmá mi ìdí tí wọ́n fi purọ́ nítorí ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́.

"Ìwọ àti ọmọ wọn lẹ jọ ń ṣẹjọ́," ni wọ́n wí. "Àwa méjèèjì, omi là ń pọn."