Orin Tí Kì Í Dúró De Àgbà

Ìyarun ni Aunty Keziah fi ń lu tábìlì nígbà tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Mo kọ́kọ́ rò pé ó gbàgbé rẹ̀ sọ́wọ́ ni, àṣé irinṣẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Ìkòsì dojú kọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ onílé tí òun àti àwọn ọmọ náà ti ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, n kò sì mọ bí a ṣe ń mójú kúrò nínú ohun tí kò kanni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni obìnrin náà ti wá. Tíṣà ni láàárín ọ̀sẹ̀. Sátidé nìkan ló jẹ́ ti orin. Ara ló fi ń kọ́ wọn ní do re mi: do wà ní orúnkún, so wà ní àyà, do òkè wà ní àtàrí. Bí tírélà bá tẹ hóọ̀nù lọ́nà Mile 12, á dá wọn dúró: "Kí nìyẹn?" Àwọn kan á fọwọ́ kan àyà, àwọn kan á di orí mú, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ti fọwọ́ kan orúnkún nídìí máṣínì rí, ó sì tọ̀nà.

Máàpù ayé wà lára ògiri. Wọ́n ti kọ orin àwọn ará Japan, wọ́n ti kọ ti Brazil. Ti Jámánì ló wá dẹtì. Orin ìtukọ̀ ni. Ẹgbẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀. Bó bá dé ìlà kejì, ẹgbẹ́ kejì náà á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ńlá ló ń ṣáájú, Enoch ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì ni olórí wọn. Bó bá kan àwọn kékeré, wọ́n á yanu, ohùn kò ní jáde. Ìgbà tí Enoch bá parí ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbe orin, bíi pé ègbè ni.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Roheemat, ọmọ ọdún méje. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á kọ orin náà láti òkè délẹ̀. Bó bá dé inú gbọ̀ngàn, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Rahmon tó ń ta ẹ̀wà ní Mile 12, rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó wá mú un.

"Aunty, mi ò bá yín jà o," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń dákẹ́ láàárín akọrin, kí ló ń kọ́? Kó kúkú máa bá mummy ẹ̀ ṣa ẹ̀wà ní Saturday. Màá wá gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ò bá kọrin, ó parí nìyẹn."

Roheemat bú sẹ́kún. Inú bí mi. Ó kù díẹ̀ kí n ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí n lọ fún ọkùnrin náà lésì. Aunty Keziah kò bínú ní tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ń wò ó lójú.

"Kí ló dé tí o kì í bẹ̀rẹ̀ tí mo bá nawọ́ sí yín?"

Ọmọ náà nu imú. "Àwọn Brother Enoch ò tíì kọ tiwọn tán, ma."

Ẹ̀rín pa mí. Ilé wo ni ọmọdé ti ń yanu nígbà tí àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀? Àwa la fi ìfọ́tí kọ́ wọn pé kí wọ́n dúró. Aunty Keziah fi ìyarun gbá iwájú orí ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin kékeré, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Enoch, ìwọ máa já a gbà lẹ́nu wọn. Ṣé àgbà kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọdé ni?"

"Wọ́n ń já a gbà gan-an, ma!" Inú Enoch dùn.

Nígbà tí àwọn ńlá wọlé sínú orin, àwọn kékeré tún fẹ́ gbé ohùn mì. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," Aunty Keziah kígbe, "ẹ parí ọ̀rọ̀ yín!" Wọ́n parí rẹ̀ lóòótọ́.

Ní Sátidé kejì, Alhaji Rahmon jókòó sórí àga oníke, ó fi fìlà sórí orúnkún. Mo fi máṣínì sílẹ̀, mo lọ dúró sẹ́nu fèrèsé. Ohùn Roheemat ló kọ́kọ́ jáde. Enoch já a gbà, ọmọ náà ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọmọ náà ti kọ orin yìí sí i létí nílé jálẹ̀ ọ̀sẹ̀. Alhaji kò mọ ìgbà tó yanu. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ohùn tó fi ń pe oníbàárà lọ́jà ló sì fi kọ ọ́.

Roheemat yíjú sí i. Ẹnu rẹ̀ dúró. Ta ni ọmọ á dákẹ́ fún, bí kò ṣe bàbá tó bí i? Aunty Keziah rọra fi ìyarun lu tábìlì. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó sì gbé orin rẹ̀ níbi tó dé.

Àwọn kékeré parí, àwọn ńlá parí, ó ku Alhaji nìkan tó ń tukọ̀ lọ. Gbogbo wọn dúró dè é, ọmọlúàbí ni wọ́n. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọmọ rẹ̀ kọjú sí i.

"Daddy," Roheemat ní, "ẹ pẹ́ kí ẹ tó wọlé."

Mo di etí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó dé fìlà rẹ̀.

"Aunty, tó bá di Saturday tó ń bọ̀, ibo ni kí n dúró sí?"

"Ẹ̀yìn Roheemat ni, Alhaji."