Abẹ́rẹ́ Tí Ìyá Gbà Nínú Opó

Ẹnu mi mú, n kò jiyàn. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri Ìwéré-Ilé pé ìyá ọkọ mi, Àwáwù, kọ abẹ́rẹ́ Kòrónà nítorí àìmọ̀kan, mo bá wọn jà. Obìnrin tó fi gàrí yíyan tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ òun jẹ, àìmọ̀kan wo? Inú opó ló wà. Bàbá Ràsáàkì, ọkọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ikọ́ àti ibà ló pa á, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ká lè mọ̀ bóyá Kòrónà ni. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Ìyá gbọ́dọ̀ fi wà nínú ilé, àwọn elétò ìlera sì to àga wọn síwájú ààfin.

Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ̀. Ikọ́ fée ti ń bá a jà tipẹ́, èéfín ìdí gàrí sì tún dá kún un. Bí àìsàn tó mú Bàbá bá tún wọ yàrá tó jókòó sí, a ò ní Ìyá mọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ náà kí àwọn elétò ìlera tó kó lọ sí ìlú Ìgànná.

Ṣùgbọ́n ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Bàbá Ládòkun, àbúrò olóògbé, ní ẹ̀gbọ́n òun kò gba abẹ́rẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ó ní ìyàwó tó bá gbà á kí opó ọkọ rẹ̀ tó parí ti fi han aráyé pé ọ̀rọ̀ ọkọ ò jẹ́ nǹkan kan lójú òun. Àfáà ní opó kò ní kéèyàn má lo oògùn. Ọjọ́ kejì, Àfáà kan náà ní òun fúnra òun kò tíì gbà á, òun ṣì ń wò ó ná. Ọkọ mi fi fídíò hàn mí lórí fóònù, pé gílóòbù iná ń tàn bí wọ́n bá fi kan apá ẹni tó gbà á. Mo ní irọ́ ni. Nígbà tí mo wọ yàrá, mo tún ń fọwọ́ pa apá tèmi wò, torí èmi ti gbà á. Orí mi dàrú pátápátá.

Nígbà tó yá, mo lọ bẹ nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Success pé kó wá bá wa nílé. Obìnrin bíi tiwa ni, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ wá. Ìyá jókòó sórí ẹní, ó ń wò ó, kò nawọ́ sí i. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní ṣé nítorí pé Bàbá kò fẹ́ ẹ ni? Mo ní Bàbá ti lọ, Ìyá nìkan ló kù fún wa.

"Ta ló sọ fún ọ pé bàbá yín kò fẹ́ ẹ?" Ìyá bi mí. "Ó ti dé fìlà tán lọ́jọ́ náà, ó ń lọ gbà á. Èmi ni mo dì í láṣọ mú. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà á, ọdún méjì péré ló kù fún un láyé. Mo ní kó má fi mí sílẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi sí i, n kò mọ èyí tí ǹ bá mú.

Ìyá wá bi Success pé kí ni abẹ́rẹ́ náà máa ń ṣe sí ara. Success ní apá lè dunni, ara lè gbóná díẹ̀, kò ní pẹ́ lọ. Ni Ìyá bá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó nawọ́ sí i. Mo rò pé mo ti borí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un, mo mú oògùn ibà dání. Mo bá a tó ń tẹ apá ọ̀hún, tó ń fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ bóyá ó gbóná. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í bí ara ṣe jí.

"Ara mi le, Misturat," ló wí. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Kí wá ni mo dì í mú fún?"

Ó bú sẹ́kún. N kò mọ̀ bóyá kí n bá a yọ̀ ni tàbí kí n bá a sunkún. Mo ṣáà wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, tèmi ti ẹ̀kọ lọ́wọ́.